Hẹ̀rẹ̀huru Àgbàdo

RÁBÍÙ: Bàbá Àlàkẹ́, LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, tún ti ń ti ilé ìjọsìn àti ilé ọtí pa nítorí ariwo, síbẹ̀ ojú yín kò tú ká.

BÀBÁ ÀLÀKẸ́: Báwo ni yóò ṣe tú ká, nígbà tí mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn tí wọ́n fi èdìdì dì lónìí, bí onílé bá ti san owó ìtanràn tó sì tọwọ́ bọ̀wé, wọn yóò ṣí i, sípíkà orí òrùlé rẹ̀ yóò sì tún kọjú sí yàrá aláboyún àti ọmọ ilé-ìwé? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ṣọ́ọ̀ṣì 70, mọ́ṣáláṣí 20, ilé ìtura àti ilé ọtí 11 ni wọ́n tì. Bọ́lá Shabi, ọ̀gá LASEPA nígbà náà, ní ariwo yóò ti tán l'Ékòó kó tó di ọdún 2020. Ọdún 2020 dé, ó lọ, kò mú ariwo dání lọ.

RÁBÍÙ: Èkó Àkéte, ìlú ọgbọ́n, kì í sùn, sà! L'Ágbàdo yìí, jẹnẹrétọ̀ la fi ń mọ̀ pé aládùúgbò rówó ra epo. Ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Òyìngbò náà ńkọ́?

BÀBÁ ÀLÀKẸ́: Ọkọ̀ ojú irin a fọn fèrè, a kọjá. Akéde ayé àtijọ́ náà a lu agogo, a jíṣẹ́ ọba, a sì gba àdúgbò mìíràn lọ. Ní ti jẹnẹrétọ̀, NEPA ló lẹ́jọ́, n kò lè dá ẹni tó ń wá ìmọ́lẹ̀ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n NEPA kọ́ ló ní ká gbé sípíkà ẹlẹ́nu mẹ́rin kọ́ sórí òpó. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 55 ni òfin gbà lọ́sàn-án níbi tí ènìyàn ń gbé, 45 lóru. Ohùn èmi àtìrẹ níbí yìí ti kọjá ti òru. Wá sílé mi ní agogo méjì òru ọjọ́ ìṣọ́ òru: béèsì ń gba inú búlọ́ọ̀kù wọlé, gíláàsì fèrèsé ń dún wọ̀nwọ̀n, omi inú abọ́ orí tábìlì ń gbọ̀n. Àìsùn bẹ́ẹ̀ ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, Rábíù.

RÁBÍÙ: Ká má gbàdúrà mọ́ ni?

BÀBÁ ÀLÀKẸ́: Ta ló wí bẹ́ẹ̀? Jésù ní ká wọ yàrá lọ, ká sé ilẹ̀kùn. Nínú Kùránì, Lùkmáánì kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kó rẹ ohùn sílẹ̀. Àwọn wòlíì Báálì ló kígbe láti òwúrọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n, ṣé ẹnikẹ́ni dá wọn lóhùn?

RÁBÍÙ: (ó bú sẹ́rìn-ín) Ó tì o, Bàbá!

BÀBÁ ÀLÀKẸ́: Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Àwa onílé l'Ágbàdo kò wí, à ń dúró de ìjọba l'Aláùsá. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí LASEPA wá fi ẹ̀rọ wọn ariwo tí ó ń dààmú wa lóru, kì í ṣe lọ́sàn-án nìkan. Kí wọ́n má sì ṣí ilẹ̀kùn kankan títí gbogbo sípíkà ìta yóò fi sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó wá sínú ilé ìjọsìn ni kó gbọ́ ìwàásù, ẹni tó sanwó ọtí ni kó gbọ́ fújì.

RÁBÍÙ: Sípíkà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi náà ńkọ́, sà? Òun ló ń pe oníbàárà.

BÀBÁ ÀLÀKẸ́: Dìde. Èmi yóò bá ọ di àkàbà mú, kí o tú u.