Ẹ Má Ṣí Ìkòkò Yẹn!

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará Àbíjàn tí ẹ ń bọ̀ wá ṣe Paquinou nílé. Ọkọ̀ gbé yín nǹkan bíi kìlómítà 350 kí ẹ tó fojú kan Bouaké, ó tún gbé yín bí ogójì sí i kí ẹ tó wọ Sakassou. Ẹ dé pẹ̀lú báàgì mẹ́rin, aṣọ ijó ló sì kún inú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyẹn ò dùn wá. Ohun tó ń dùn wá ni ìpinnu tí ẹ ti ṣe nínú bọ́ọ̀sì kí ẹ tó kọjá Yamoussoukro, pé lọ́dún yìí, ẹ̀yin lẹ máa se oúnjẹ ọjọ́ Àìkú fún gbogbo ẹbí. Ta ló rán yín níṣẹ́?

Ẹni tí kò bá mọ Paquinou, Ọdún Àjíǹde àwọn Baoulé ilẹ̀ Côte d'Ivoire ni, láti Ọjọ́ Ẹtì Rere títí di ọjọ́ Ajé. Kì í ṣe onígbàgbọ́ nìkan ló ń ṣe é. Èyí tó ń gbin kòkó níhà ìwọ̀ oòrùn àti èyí tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ní Àbíjàn, gbogbo wọn á forí lé abúlé. Wọ́n á parí ìjà ẹbí, wọ́n á dáwó ilé ìwé àti kànga, wọ́n á jó, wọ́n á mu. Ìjà tó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń parí ẹ̀. Èyí tó máa jẹ́ tuntun, orí oúnjẹ ọjọ́ Àìkú ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Sakassou ló tún wá le jù. Ìlú ọba ni. Ibẹ̀ ni ìtẹ́ àwọn Baoulé wà, ìtẹ́ àwọn ará ilé Abla Pokou, ayaba tó kó wọn kúrò níhà ilẹ̀ Ghana ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ìyá àgbà tí ẹ rí lábẹ́ igi mángòrò yẹn, ó ti ń dá ọbẹ̀ lẹ́jọ́ kí wọ́n tó bí bàbá yín. Ẹ lè fi aṣọ tàn án jẹ. Ẹ lè fi Faransé tàn án jẹ. Ẹ ò lè fi mágí tàn án jẹ.

Ẹ wo Bùrọ̀dá Páàrísì. Ó dé láti ilẹ̀ Faransé, ó ní gratin lòun máa se. Wọ́n ní kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ọ̀dùnkún tí wọ́n da wàrà sí, tí wọ́n wá yan nínú ófùnù. Ó wá béèrè pé ófùnù dà? Wọ́n nawọ́ sí ibi tí ewúrẹ́ sùn sí. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, wàrà ti kan, ojú ẹni tó gbé e wá náà sì ti korò.

Àǹtí Cocody tó ti Àbíjàn dé ń kọ́? Òun ò fẹ́ ti òyìnbó ní tiẹ̀. Ó ní foutou iṣu lòun máa gún fún ogójì èèyàn. Pẹ̀lú èékánná tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́! Odó kejì, ọ̀kan ti sọnù níbẹ̀. A ò ní sọ ibi tó bọ́ sí. Ohun tí a mọ̀ ni pé àbúrò bàbá rẹ̀ kan jẹ nínú foutou ọjọ́ náà, ó sì ń rò títí dòní pé eegun ẹja lòun gbé mì.

Ẹ̀yin èèyàn mi láti Ejigbo tí ẹ ń rẹ́rìn-ín ńbẹ̀ yẹn, ẹ rọra. Ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní Anago ní Treichville l'Ábíjàn, tí ẹ bá délé tán tí ẹ máa ń fi Faransé ná ata l'Ejigbo, ẹni tó bá fi ọmọ Baoulé ṣe aya nínú yín, kí ló máa ń gbé lọ sílé àna? Ìrẹsì jọlọ́ọ̀fù. Kérésì, jọlọ́ọ̀fù. Iléyá, jọlọ́ọ̀fù. Ìsìnkú, jọlọ́ọ̀fù, a kàn dín ata ẹ̀ kù díẹ̀ nítorí ọ̀fọ̀. Bó bá jóná nísàlẹ̀, ẹ ó ní òórùn àríyá nìyẹn. Irọ́ ni. Ó jóná ni.

Bẹ́ẹ̀, oúnjẹ tó rọrùn, tó sì máa jẹ́ kí àna yín fẹ̀yìn ti àga kó máa kì yín, ó ti wà lọ́wọ́ àwọn Baoulé fúnra wọn kí ọ̀nà ọ̀dà tó dé. Kedjenou ni. Ẹ ra adìẹ ìbílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní poulet bicyclette, tí itan rẹ̀ le nítorí pé gbogbo ayé ẹ̀ ló fi ń sá fún ọmọ aráyé. Bó bá jẹ́ awó ló wù yín, kò burú. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹ kó o sínú ìṣáasùn amọ̀ pẹ̀lú tòmátò, àlùbọ́sà, ikàn, ata, atalẹ̀, aáyù, táìmù àti iyọ̀. Ẹ má bu omi sí i. Mo ní ẹ má bu omi sí i! Ẹ gbé òróró yẹn náà sílẹ̀. Ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé e lẹ́nu pinpin, ẹ gbé e ka orí èédú tí iná rẹ̀ kò le. Ó tán.

Àwọn àgbà wa ní ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Òótọ́ ni, ìdí ìkòkò ni wọ́n wí, wọn ò dárúkọ ìdí alásè. Ẹ jókòó sórí àga. Ní bí wákàtí kan ó lé tó máa fi jinná, iṣẹ́ yín kò ju kí ẹ dìde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi àkísà di ìṣáasùn mú lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ mì ín jìgìjìgì kí ìsàlẹ̀ má baà lẹ̀, kí ẹ sì gbé e padà. Omi ara adìẹ àti omi tòmátò ló ń jáde, tó ń di ooru, tó ń gòkè lọ kan ewé, tó tún ń kán padà sórí ẹran. Ẹran náà ń wẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni kó wá bá òun ha ẹ̀yìn.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Nítorí nínú ẹbí kọ̀ọ̀kan, Ọlọ́run fi Bàbá Olójú-Ìkòkò kan síbẹ̀. Kò ra adìẹ, kò gé àlùbọ́sà, kò mọ ibi tí wọ́n ti ra èédú, ṣùgbọ́n ó fẹ́ mọ ibi tí ọbẹ̀ dé. Ó ń kọjá lọ ṣe ìtọ̀, ó ṣí i. Ó ń padà bọ̀, ó ṣí i. Ó pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá láti máàkì, ilé oúnjẹ àti ọtí, ó ní, "Wá wò ó." Irú wọn ló ń ṣí fíríìjì ní òru láti wò bóyá ẹran ti bímọ. Ẹ̀ẹ̀kan tó bá ṣí i, ooru sá lọ. Ẹ̀ẹ̀kejì, ọbẹ̀ gbẹ. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ ti ń se èédú lórí èédú. Ẹ wá ọmọ kékeré kan tí ẹkún rẹ̀ ń lọ jìnnà, ẹ fi sídìí ìṣáasùn, kí ẹ sọ fún un pé ẹni tó bá ṣí i fẹ́ jẹ itan tirẹ̀.

Ìyàwó Yorùbá náà ní ìṣòro tiẹ̀, kí n má purọ́. Àwa la máa ń kán ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ lá: a lá a nítorí iyọ̀, a lá a nítorí ata, a lá a nítorí àìgbọ́ràn, títí ọbẹ̀ á fi jinná tí alásè á ní ebi ò pa òun. Kedjenou kò gba ìyẹn. Bí ẹ bá ti dé e, iyọ̀ tí ẹ fi sí i ló wà níbẹ̀. Ẹ ó kàn jókòó máa gbàdúrà bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi adìẹ àgíríìkì dán an wò nítorí pé kò wọ́n. Kí ẹ tó mì ín lẹ́ẹ̀kejì, ó ti di ẹ̀kọ. Eegun ló kù tí ẹ máa fi dá a mọ̀.

Ohun tí wọ́n máa fi jẹ ẹ́, ẹ má ṣe wàhálà, ọjà lẹ ti máa ra attiéké, gbágùúdá tí wọ́n rin, tí wọ́n sì fi ooru sè. Ti àwọn ará etí ọ̀sà ni, kì í ṣe ti Baoulé, ṣùgbọ́n ọ̀fun ò béèrè ìwé ìrìnnà. Oṣù Kejìlá 2024 ni UNESCO kọ ọgbọ́n ṣíṣe rẹ̀ sínú ìwé àjogúnbá aráyé. Àwo oúnjẹ yín ti ní ìwé ẹ̀rí báyìí, ó ku ẹni tó gbé e.

Ẹ má bu ọbẹ̀ náà sínú abọ́ ní ẹ̀yìnkùlé o! Ẹ gbé ìṣáasùn odindi wá sáàárín àwọn àgbà pẹ̀lú ewé lórí. Àwọn ará Èkó mọ àṣírí ewé: ìrẹsì Ọ̀fadà kan náà, ẹ bù ú sínú abọ́, wọ́n á ní ó wọ́n, ẹ dì í sínú ewé eéran, wọ́n á sanwó, wọ́n á tún ya fọ́tò ẹ̀. Níwájú ìyá àgbà ni kí ẹ ti ká ewé yẹn kúrò. Òórùn tó máa jáde á ti bá yín bẹ̀bẹ̀ kí ẹ tó lanu.

Tí ìyá ọkọ bá wá béèrè ìgbà tí ẹ ti wà nídìí iná, ẹ mí kanlẹ̀, ẹ nu òógùn tí kò sí, ẹ ní, "Mọ́mì, láti ìdájí ni." Bó bá wá ní òun fẹ́ kí ẹ tún un sè ní Kérésì fún ọgọ́rin àlejò, ẹ sáré wọlé, ẹ fọ́ ìṣáasùn.