Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Ẹnu Géètì

Táígà o!
Táígà, ọmọ èkúkè Òkè-Àdó,
A-rólè-jùrù,
A-gbó-àna-ẹni-bí-ẹni-rí-iwin,
Ọ̀gágun tí í ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ko ààrá lójú.
Ajá kì í roro kó ṣọ́ ojúlé méjì;
Ìwọ kò roro, o kò sì ṣọ́ ọ̀kan.
Má wulẹ̀ jí, Ààrẹ. Oríkì rẹ ṣì gùn.

Ìtàn ní bí wọ́n bá fẹ́ fi Kakaǹfò jẹ láyé Ọ̀yọ́ àtijọ́, gbẹ́rẹ́ 201 ni wọ́n ń sín sí i lórí kí àyà rẹ̀ lè le. Tìrẹ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, imú ló sì wà. Adìẹ olómọ tí alákàrà ìsàlẹ̀ ilé wa ń sìn ló fi ẹnu ara rẹ̀ sín in fún ọ, lójú gbogbo ọmọ iléèwé tó tò síbẹ̀. Kakaǹfò Kúrunmí ti Ìjàyè jókòó ti ogun Ìbàdàn títí ó fi kú lọ́dún 1861. Ìwọ kò jókòó ti adìẹ. Akin tó mọ̀jà tí kò mọ̀sá ní í bá ogun lọ, Táígà kò sì ní í bá ogun kankan lọ láéláé.

Wọ́n tún ní Kakaǹfò kì í gbé ilé ju ọdún mẹ́ta lọ kó má jáde ogun, bó bá sì jáde, àfi kó ṣẹ́gun tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Ìwọ kì í dúró di ọdún mẹ́ta. Ojoojúmọ́ lò ń jáde ogun, kíṣìnnì ni pápá rẹ. Mo ti ṣọ́ ọ rí. Ìyàwó mi gbé ẹja dídín kalẹ̀, ó lọ dá ẹni tó ń kanlẹ̀kùn lóhùn. O kò fò mọ́ ọn, ológbò ní í ṣe irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀. O dùbúlẹ̀, o fi àgbọ̀n lélẹ̀, o ń wo ògiri bí àlùfáà tó ń wá ẹsẹ Bíbélì. O fi ikùn wọ́ díẹ̀. O dúró, o wo ojú mi. O tún wọ́. Etí òsì rẹ nìkan ló ń gbọ̀n. Kí obìnrin náà tó yíjú padà, egungun ẹ̀yìn ẹja ló kù nínú abọ́, o sì ti dé ẹnu géètì, o ń gbó ẹyẹ, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. (Èmi náà kò pariwo. Iyọ̀ ẹja náà ti pọ̀ jù.)

A-sùn-lọ́sàn-án-nítorí-iṣẹ́-alẹ́,
A-sùn-lálẹ́-nítorí-àárẹ̀-ọ̀sán,
Olóhùn iyọ̀ tí í gbe ladánì l'ásùbáà,
Gàrí kì í kàn ọ́ lẹ́nu àfi tí ẹran bá bò ó.

Lóru ọjọ́ tí olè wá tú bátìrì jẹnẹrétọ̀ lọ, òjò ti rọ̀, ilẹ̀ rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí ipa bàtà olè nínú ẹrẹ̀, a sì rí ipa ẹsẹ̀ rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, láti ẹ̀yìnkùlé títí dé géètì. O sìn ín jáde. Ọmọlúàbí kì í jẹ́ kí àlejò dá lọ. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń ra oúnjẹ rẹ, bí mo bá dé abetí-ajá lọ́jọ́ Àìkú, o ó gbó mi dé ìdí ọkọ̀, bí ẹni pé etí ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo gé dé orí.

Kí n má gbàgbé abẹ́rẹ́. Lọ́dún 1885 ni Pasteur, ará Faransé, kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ dìgbòlugi gba ọmọdé kan tí ajá bù jẹ là, ayé sì ń yìn ín títí dòní. Kò pàdé rẹ ni. Bí dókítà ẹran bá ti yọ tirẹ̀ síta, ẹsẹ̀ Ààrẹ á kú, itọ̀ á dà, èmi ni n ó sì gbé e mọ́yà bí ìyàwó tuntun, kọjá lójú àwọn ajá mìíràn tó tò.

Oníṣòwò kan láti Oǹdó, níbi tí wọ́n ti ń fi ajá bọ Ògún (ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ọ́ létí rẹ̀), bi mí pé èló ni mo máa ta ọ́. Mo ní a kì í ta olóyè. Ó wò ọ́ níbi tí o sùn sí lórí bàtà mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ogun wo ló ti jà rí?

Ìyàwó mi ló ti inú kíṣìnnì dá a lóhùn: "Ẹ wá bi ìkòkò mi!"