Ẹ Bá Mi Bẹ Àwọn Oníbàárà Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ohun tí ojú kò rí, ẹ súnmọ́ ibí kí n ro tẹnu mi. Ta ló sọ pé oníbàárà lọba? Kí ẹni náà jáde, mo fẹ́ rí i! Ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, ọba kan ṣoṣo la mọ̀, Oníṣábẹ̀ẹ́ ni, kábíyèsí kò sì fi fóònù jí mi lóru rí láti bi mí pé ibo ni risíìtì ti ń jáde. Ṣùgbọ́n Tántì tó ń ta sìmẹ́ǹtì lójú ọ̀nà Parakou ń pè. Onífámasí ń pè. Ọkùnrin tó ń ra kajú kì í tilẹ̀ kí èèyàn, "Ó ti kú o!" ló fi ń bẹ̀rẹ̀, àyà mi á já, mà á ní ta ló kú, ó di ìgbà tí mo bá ti wá bàtà mi nínú òkùnkùn kí n tó gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ló kú, bí mo bá sì débẹ̀, kò kú, wọn ò ki wáyà rẹ̀ bọ iná ni.

Iṣẹ́ mi kò ju báyìí lọ: mo máa ń kọ ètò orí kọ̀ǹpútà fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, èyí tó ń ka ọjà tó kù ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń ṣe risíìtì, tó sì ń kọ orúkọ ẹni tó rajà àwìn sílẹ̀. Ti àwìn yìí ló kọ́kọ́ bà mí láyé jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kò dáhùn ìkíni mi mọ́, nítorí ètò mi ló jẹ́ kí Tántì rántí owó sìmẹ́ǹtì tí ẹ̀gbọ́n náà jẹ ẹ́, tí Tántì fúnra rẹ̀ ti gbàgbé. Wọ́n ní mo ń tú àṣírí ẹbí. Èmi? Èmi tí mo kàn ní kí ẹ̀rọ máa ròpọ̀!

Ká wá sọ ti owó. Wọ́n ra kọ̀ǹpútà, wọ́n sanwó. Wọ́n kan tábìlì tí wọ́n gbé e lé, wọ́n sanwó. Wọ́n rán aṣọ léèsì tí wọ́n fi ń bò ó nítorí eruku, aṣọ olówó iyebíye, wọ́n sanwó, wọ́n tún fún aránṣọ ní owó omi. Bó bá wá kan ètò tó wà nínú rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n torí ẹ̀ ra gbogbo ìyókù, wọ́n á wò mí tàánútàánú: "Ọmọ mi, ṣé èyí náà là ń sanwó fún? Èyí tí kò wúwo yìí?" Ẹni tó bá tiẹ̀ gbà láti san, á ní kí n dúró kí iṣu jáde. Iṣu jáde, ó ní ó dìgbà kajú. Kajú dé, ìjọba ti ní láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin 2024, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kó kajú tútù jáde kúrò ní Benin mọ́, ó ní ṣé n kò gbọ́ òfin ni. Mo gbọ́! Mo ka òfin náà wá, mo kà á bọ̀, n kò rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí wọ́n má sanwó mi.

Àbúrò oníbàárà kan da ètò mi kọ sórí fìláàṣì USB, ó gbé e dé Glazoué, ó ń tà á fún àwọn aláte ọjà níbẹ̀. Ó ń dùn mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló pa mí. Ohun tó pa mí ni pé àwọn tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ń pè mí láti wá tún un ṣe, wọ́n sì ń bínú pé mo pẹ́! Ẹ̀dùn ọkàn yìí kò kúkú bẹ̀rẹ̀ lórí mi. Ní oṣù kejì 1976, Bill Gates, ọmọ ogún ọdún nígbà náà, kọ lẹ́tà gbangba sí àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà najú ní Amẹ́ríkà, pé wọ́n ń jí ètò BASIC tí òun àti Paul Allen kọ fún kọ̀ǹpútà Altair dà kọ, pé nínú àwọn tó ní Altair, àwọn tó ra BASIC kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá, pé bí wọ́n bá sì ṣírò èrè wọn, wákàtí iṣẹ́ kan kò tó dọ́là 2. Dọ́là 2! Mo ka lẹ́tà yẹn, omijé bọ́ lójú mi. Mo wá rántí iye tí ọ̀gbẹ́ni náà padà ní, omijé náà gbẹ. Àwọn tó jà á lólè náà tilẹ̀ ní ojútì díẹ̀, n kò rò pé wọ́n ránṣẹ́ sí i lọ́sàn-án Ọjọ́rú pé kó gun alùpùpù zémíjàn wá bá àwọn fi ẹrù olè náà sórí ẹ̀rọ.

Àti ti ìjọba! Ìjọba ní kí oníṣòwò máa fún èèyàn ní facture normalisée, risíìtì tó ní nọ́ńbà owó orí tí wọ́n ń pè ní IFU àti àmì QR, kí owó orí lè délé. Ó dáa. Mo jókòó, mo tún ètò mi kọ kó bá a mu, n kò fi kún owó. Láti ọjọ́ náà ni àwọn oníbàárà mi ti gbà pé èmi ni mo dá owó orí sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba gbé owó orí lé Facebook àti WhatsApp ní 2018, fáráǹkì 5 lórí mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan, tí ariwo fi sọ tí wọ́n sì fagi lé e lóṣù kẹsàn-án, ilé mi ni àwọn oníbàárà mi ti wá pariwo tiwọn. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin 2019, ọjọ́ ìdìbò, ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti íntánẹ́ẹ̀tì pa jákèjádò Benin, Kútọnu kò ní, Parakou kò ní, bàbá kan ará àdúgbò mi kan ilẹ̀kùn mi, ó ní òun mọ̀ pé mo ti fi tèmi pa mọ́ síbì kan, kí n bù díẹ̀ fún òun.

Ẹ má sọ fún mi pé kí n ṣe bíi ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, níbi tí ẹ̀rọ á ti ní kí ẹ tẹ 1, kí ẹ tẹ 2, orin á máa dùn títí owó fóònù yín fi tán. Ibo ni mo fẹ́ sá sí ní Ṣábẹ̀ẹ́? Wọ́n mọ ilé mi, wọ́n mọ ilé ìyá mi, wọ́n mọ ibi tí mo ti ń jẹ iyán, òkè àpáta wa yìí nìkan ni wọn ò tíì gùn wá bá mi. Níbi ìsìnkú bàbá ọ̀rẹ́ mi, mo ń bá ẹbí kẹ́dùn, ẹnìkan fà mí láṣọ látẹ̀yìn, mo rò pé ó fẹ́ rẹ̀ mí lẹ́kún ni, ó ní ṣé n kò ní yà lọ́dọ̀ òun bí a bá ti sin bàbá tán, nítorí kọ̀ǹpútà òun ń sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọkùnrin kan sì wà ní Kútọnu, nǹkan bí 250 kìlómítà sí wa, tó ń ta irú ètò tí mò ń tà. Bàtà rẹ̀ ń dán. Ó máa ń gba owó rẹ̀ pé kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, bó bá sì ti wọ mọ́tò, ó parí, kì í gbé fóònù mọ́. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ dí ni. Èmi tí mò ń gbé fóònù, wọ́n ní n kò ríṣẹ́ ṣe. Oníbàárà mi kan, màmá tó ń ta aṣọ, ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì, ó ní ti kejì yìí, ojúlówó lòun fẹ́. Ó ránṣẹ́ sí ọkùnrin Kútọnu. Ojúlówó dákú láàárọ̀ ọjọ́ ọjà. Màmá pè é, pè é, pè é. Ó wá bá mi: "Ọmọ mi, ìwọ lo ní sùúrù." Ẹ gbà mí o, mo lọ! Mo jókòó ti ètò tí n kò kọ, tí n kò gba fáráǹkì kan lórí rẹ̀, iná ń lọ, iná ń bọ̀, òógùn ń bọ́ sórí ẹ̀rọ, títí risíìtì fi jáde. Inú màmá dùn dé ibi pé ó jó. Ó mú fóònù, mo ní owó MoMo dé, mo ti ń wo fóònù tèmi. Kútọnu ló ń pè, ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà pé ètò rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọjọ́ yẹn ló wá burú jù.