Ìgbín Mẹ́fà Nínú Ìdákẹ́jẹ́

Àbúrò mi tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ lo ọjọ́ mẹ́ta ní Paris. Ní òru Sátidé, fídíò rẹ̀ balẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí wa. Àbẹ́là ń jó lórí tábìlì, aṣọ tábìlì funfun bí ẹfun, àwo kan wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n dá ihò mẹ́fà sí, ìgbín kọ̀ọ̀kan sì gúnwà sínú ihò tirẹ̀ bí ọba. Wúyẹ́wúyẹ́ ni ọmọ náà ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó fara pamọ́ fún olówó èlé: "Ẹ̀yin ará ilé, ibí yìí dákẹ́ o. Ògidì oúnjẹ ìbílẹ̀ Faransé nìyí. Ó dùn kọjá àlà."

Mo sún fóònù mọ́jú. Ìgbín náà kò ju orógbó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún yín. Orílẹ̀-Òwu la bí i sí. Nígbà tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, abẹ́ kòkó bàbá wa la ti máa ń ṣa ìgbín pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, èyí tó bá sì kéré tó bẹ́ẹ̀, bàbá á ní ká dá a padà sábẹ́ ewé kó lọ dàgbà. Ẹni tó bá ṣèèṣì gbé e wálé, ìyá wa á bi í bóyá ọmọ ọwọ́ ló fẹ́ jẹ. Ọmọ ìyá wa yìí kan náà ló jókòó nílùú onílùú, tó ń fi àmúga tíńtín yọ ọmọ ọwọ́ jáde nínú bọ́tà àti aáyù, tó sì san yúrò 16.

Àwọn àgbà ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo: ẹni tó bá ti gba rìbá, ẹjọ́ rẹ̀ ti wọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe náà kò rí irú ayé yìí. Nígbà tirẹ̀, ẹlòmíràn ló máa ń ra dòdò fúnni. Kò lérò pé ọjọ́ ń bọ̀ tí èèyàn máa fi owó ara rẹ̀ ra dòdò, tí á fi di ara rẹ̀ lẹ́nu, tí á wá jẹ́rìí èké fún ara rẹ̀ láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi ló fúnni ní rìbá, òun náà ló gbà á.

Èmi náà kò mọ́ ṣá o. Òun ló san owó ilé ìwé ọmọ mi ní sáà tó kọjá. Kí ni mo kọ sábẹ́ fídíò náà? "Ìgbádùn rẹ á kalẹ́."

Ní ọjọ́ kejì, mo pè é pé báwo ló ṣe rí ibẹ̀. Ó ní òun tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù ni: ilé oúnjẹ Faransé, ti ìbílẹ̀, tó dákẹ́. Fóònù da ìràwọ̀ sílẹ̀ bí àgbàdo. Ó mú èyí tó wà nítòsí Notre-Dame. Ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń juwọ́ pe èèyàn wọlé. Fọ́tò oúnjẹ kún ara ògiri, wọ́n sì kọ orúkọ wọn ní èdè mẹ́fà. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n tiẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa!"

Mo ní, ọmọ ìyá mi, ọkùnrin tó ń juwọ́ pe èrò, ṣé o kò rí irú rẹ̀ ní gáréèjì Ìkirè rí? Ibẹ̀ dákẹ́ nítorí pé àwọn onílùú ti sá fún un!

Inú bí mi, kí n má parọ́. Ta ló sọ fún un pé oúnjẹ ìbílẹ̀ máa ń dákẹ́? Ní Lyon, àwọn ilé oúnjẹ àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní bouchon. Tábìlì ibẹ̀ sún mọ́ra débi pé ìgbọ̀nwọ́ rẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ọbẹ̀ aládùúgbò. Ṣàkì ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, àní ṣàkì tí wọ́n yí nínú búrẹ́dì rírún tí wọ́n sì dín! Ṣọ́ọ̀kì ni ọ̀pọ̀ onílé oúnjẹ Faransé fi ń kọ oúnjẹ òòjọ́ sára pátákó, mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré, torí ohun tí wọ́n bá rí lọ́jà ni wọ́n ń sè. Bí ọ̀kan bá tán, wọ́n á nù ún kúrò. Lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ ní Àpòmù, bí ewédú bá tán, ṣé kò tán náà ni?

Ìràwọ̀ tó wá ń tan ọmọ yìí jẹ ńkọ́? Èyí tó lókìkí jù nínú ìràwọ̀ ilé oúnjẹ, ọ̀dọ̀ oníṣòwò táyà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1900, André àti Édouard Michelin, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń ṣe táyà ní Clermont-Ferrand, tẹ ìwé kékeré kan ní ẹ̀dà 35,000, wọ́n sì pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn onímọ́tò. Ibi tí wọ́n ti lè tún mọ́tò ṣe àti ibi tí wọ́n lè sùn ló wà níbẹ̀. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé bí mọ́tò bá ṣe ń rìn jìnnà tó ni táyà á ṣe gbó tó. Ní 1926 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìràwọ̀ sára ilé oúnjẹ. Nígbà tó yá, ìràwọ̀ di mẹ́ta, wọ́n ní ibi tó bá gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ rìnrìn àjò. Ẹ gbọ́ ná: gbogbo ọlá tí aráyé ń bù fún ìràwọ̀ yìí, fọ́kánáísà la ń bù ú fún! Ọmọ tó dàgbà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, tó mọ̀ pé fọ́kánáísà àti dérébà là ń bi léèrè ibi tí oúnjẹ ti dùn, ló rìn dé Paris kó tó gbàgbé.

Mo bi í pé omi ńkọ́. Òfin Faransé ni pé ọ̀fẹ́ ni omi ẹ̀rọ inú jọ́ọ̀gì fún ẹni tó ń jẹun. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n ojú ti òun láti bèèrè, òun ra ti inú ìgò. Ìgbín náà pàápàá, èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń jẹ ní Faransé, láti ìlà oòrùn Yúróòpù ni wọ́n ti ń kó o wọlé. Àlejò ń jẹ àlejò, àbẹ́là sì ń tan ìmọ́lẹ̀ sí wọn. Bẹ́ẹ̀ ìtàn sọ pé aáwọ̀ lórí ataare ní ọjà Àpòmù wà lára ohun tó fa ogun tó fọ́ Òwu ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ìran tó jà nítorí ataare, ẹ wo ohun tí ọmọ wọn gbà láìwí nǹkan kan! Ibi tó dákẹ́ ló ń wá, òun gan-an ló sì dákẹ́ jù níbẹ̀.

Ó wálé ní Kérésìmesì, mo lọ pàdé rẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tí a dé Ìkirè, àwọn obìnrin ya bo fèrèsé mọ́tò wa tàwọn ti dòdò lọ́wọ́: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, tí ẹlòmíràn ì bá dànù, tí wọ́n fi ata àti iyọ̀ sí, tí wọ́n dín nínú epo pupa títí ó fi pọ́n dúdú, tí wọ́n wá pọ́n sínú ewé. Fèrè mọ́tò ń pariwo, alágbàtà méjì ń bú ara wọn, rédíò ẹnì kan ń ké. Àbúrò mi ra mẹ́rin. Kò mú fóònù jáde. Epo ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó ń lá a.

Mo ní, "Sọ òdodo fún mi. Èwo ló dùn jù, eléyìí tàbí ìgbín Paris?"

Ó wò mí, ó tún sọ ọ̀kan sẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹnu mi kún."