Ẹni Tó Ń Wáṣẹ́ Kì Í Ṣe Tòkunbọ̀

Ìbà ẹ̀yin ọ̀gá tó ń ta tòkunbọ̀ ní Ìkòròdú, láti Ágíríìkì títí dé Odógunyàn. Ìbà ẹ̀yin ti ọ̀nà Ìjẹ̀dé. Ìbà ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ tí ẹ ń ta mọ́tò, tí ẹ tún ń ta ilẹ̀ lórí tábìlì kan náà. Mo júbà tán, ẹ jẹ́ kí n wá bú yín. Ẹ̀fẹ̀ ni o. Ẹni tó bá bínú, òun ló mọ ohun tó gbé pa mọ́ sí búùtù.

Ara òpó iná ni ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́ yín ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ lẹ ìwé mọ́ ọn ní Ìtamàgà: "A Ń FẸ́ ÒṢÌṢẸ́ KÍÁKÍÁ." Kíákíá kẹ̀? Ẹ ní kí ọmọ ọlọ́mọ wá fún intafíù ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ó ti jí kí àkùkọ tó kọ, ó lọ aṣọ funfun, ó to ìwé ẹ̀rí sínú fáìlì, ó débẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù. Ta ló bá? Mẹ́gáàdì, pákò lẹ́nu. Ọ̀gá ń bọ̀. Aago mẹ́wàá, ọ̀gá ti dé Sábó. Aago méjìlá, ọ̀gá ṣì wà ní Sábó. Sábó sí Ìtamàgà! Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn á ti dé, á ti jẹun, á ti sùn, á ti jí. Kí ọwọ́ má baà dilẹ̀, mẹ́gáàdì na àkísà sí i: "Àǹtí, ẹ bá wa nu Camry yẹn, eruku ti bò ó." Kí ọ̀gá tó dé, ọmọ tó gboyè jáde ní Pólì Ìkòròdú wa, tí wọ́n sọ di yunifásítì ní 2022, tó ti ṣe àgùnbánirọ̀ parí, ti nu mọ́tò kan kan ìkejì títí dé ẹ̀yìn géètì.

Ọ̀gá dé wàyí. Orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ ní "International" nínú, ó tún ní "Global", ọ́fíìsì rẹ̀ sì jẹ́ kọ̀ńténà tí wọ́n gé fèrèsé sí lára. Àga tó fi lọ àlejò, àga ẹ̀yìn Sienna ni wọ́n yọ, bẹ́líìtì rẹ̀ ṣì wà lára. Ọmọ mi, de bẹ́líìtì náà o, torí ìbéèrè tó ń bọ̀ kò ní bíréèkì.

"Ṣọ́ọ̀ṣì wo lò ń lọ? Ọmọ ta ni ẹ́ ní Ìkòròdú yìí? Ṣé o ti lọ́kọ? Tá a bá gbà ẹ́ síṣẹ́, ṣé o ò ní lóyún?" Kò tíì dáhùn tí fóònù ọ̀gá fi dún. "Hẹ́lò, Alájì! Ẹ́ńjìnnì yẹn ò tíì fojú kan sípánà rí, mo fi ọmọ mi búra!" Mẹkáníìkì kan sì wà lẹ́yìn kọ̀ńténà níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ọ̀hún wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, epo dúdú dé ìgúnpá. Ọ̀gá gbé fóònù sílẹ̀. "Ẹ̀hẹ́n, kí la ń sọ? Òtítọ́. Ṣé olóòótọ́ èèyàn ni ẹ́?"

Ọ̀gá yìí kan náà ni o, tí oníbàárà bá lóun fẹ́ mú mẹkáníìkì wá wo mọ́tò, tí ojú rẹ̀ á yí padà. Nọ́ńbà ṣáńsì kò ju mẹ́tàdínlógún lọ. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lè rí i bóyá mọ́tò náà ti forí sọ nǹkan ní Amẹ́ríkà. Bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá, á ní, "Àbí ẹ ò fọkàn tán mi ni?" Ó ti yí máìlì padà sẹ́yìn, títí Camry 2007 tá à ń pè ní Muscle fi dà bí ọmọ tí a ò tíì sọ lórúkọ. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní mọ́tò kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, àfi èbúté ọkọ̀ ojú omi. Bí ẹ bá ní báwo ni Camry yìí ṣe rìn láti Kútọnu dé Ìkòròdú, ọ̀gá á ní Ọlọ́run ló gbé e wá.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wáṣẹ́ gbọ́dọ̀ mú onídùúró méjì wá, kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n mú ìwé ilé dání. Mọ́tò olówó gọbọi wà níta níbẹ̀, ta ló dúró fún un?

Ó wá kan owó oṣù. Ọ̀gá ní, "A máa wò ó." Ọmọ náà ti gbọ́ pé 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù láti 2024, ó sì gbọ́ pé ìjọba Èkó ń san 85,000. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín: kọmíṣọ̀n ni tibí, mú oníbàárà wá ná. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé òfin fẹ́ gbè é lẹ́yìn. Òfin owó oṣù ọdún 2019 yọ iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sílẹ̀, ó tún yọ ẹni tó ń gba kọmíṣọ̀n. Ọ̀gá ò ka ìwé òfin yẹn rí, àpò rẹ̀ ló bá a kà á. Òfin iṣẹ́ tún ní kó tó pé oṣù mẹ́ta, kí ọ̀gá ti kọ àdéhùn sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Ẹ má dààmú ara yín. Ìwé kan ṣoṣo tí ọ̀gá ń kọ ni "FOR SALE" ojú gíláàsì.

Ẹ̀yin tó ń wáṣẹ́, ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Ẹ kọ ọ́ sínú CV pé ẹ ti ta mọ́tò fọ́dún márùn-ún. Wọ́n ní kí ẹ gbé Corolla kan kúrò lójú ọ̀nà, ẹ fi ríbáàsì lọ kí oníbọ̀ọ̀lì.

Ọmọbìnrin kan ló tẹ́ mi lọ́rùn nínú ìròyìn tó ń lọ káàkiri. Ọ̀gá bi í pé, "Kí ló dé tó o fi kúrò níbi iṣẹ́ tó o wà tẹ́lẹ̀?" Ó wo ìta láti ojú fèrèsé kọ̀ńténà. "Ẹ máa bínú sà. Ẹni tó ni Camry yẹn, kí ló dé tó fi tà á?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹnu báyìí ni mò ń wá! Bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lónìí."

"Ẹ ṣé sà. Owó oṣù ńkọ́?"

"A máa wò ó."