A Wọkọ̀ Òfúrufú Lọ Sóko

Bí ẹ bá fẹ́ pa àwọn ìyá ọjà Makola ní Accra lẹ́rìn-ín, ẹ kàn sọ fún wọn pé tọkọtìyàwó kan gba físà, wọ́n wọ ọkọ̀ òfúrufú, wọ́n sì fò kọjá òkun nítorí kí wọ́n lè lọ wo oko. Kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù o, kì í ṣe New York níbi tí ilé ti ń kan sánmà. Oko. Oko tó ní àgùntàn, ẹrẹ̀, òjò àti èéfín. Ohun tí èmi àti ọkọ mi ṣe gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Cork fi tíkẹ́ẹ̀tì ta wá lọ́rẹ, ó ní ká wá ṣe hónímúùnù ní ìgbèríko Áyálándì. Nígbà tí ìyá alátà tó kọjú sí ìsọ̀ wa gbọ́, ó pa àtẹ rẹ̀ tì, ó wò mí tìyanu-tìyanu: "Ìyàwó, ṣé kò sí oko mọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni?"

Ẹ má dá màmá lẹ́bi. Makola kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń dá wà. Ìjọba òyìnbó ló kọ́ ọjà náà ní 1924. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1979, ìjọba ológun Rawlings wó o palẹ̀, wọ́n ní àwọn ìyá ọjà ló ń kó ọjà pamọ́ tí gbogbo nǹkan fi wọ́n. Ṣọ́jà lọ, ọjà padà. Lónìí, láti Tudu títí dé Tema Station, ẹsẹ̀ kò gbèrò. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ trotro ń pe èrò, àwọn kayayei tó ń ru ẹrù fún oníbàárà ń kígbe "àgò" lẹ́yìn rẹ, o ò sì ní ibi tí o máa yà sí. Nínú irú èrò bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ń jẹ́ àṣírí tọkọtìyàwó. Ẹni tó ta ìlẹ̀kẹ̀ fún ìyàwó, ẹni tó ta kẹ́ńtè fún ọkọ, ẹni tó rán aṣọ ẹbí, gbogbo wọn ló mọ ọjọ́ ìgbéyàwó, gbogbo wọn ló sì ń fi ìka ka oṣù. Tí oṣù kẹta bá pé tí ìyàwó ṣì ń bá wọn jẹ kẹ́ńkẹ́ àti ata láì bì, wọ́n á ti máa dárúkọ wòlíì fún un.

Nínú àṣà tiwa, ìyàwó kì í rìnrìn àjò afẹ́. Ìrìn rẹ̀ kò ju láti ilé bàbá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, níbi tí wọ́n ti ń bu omi sí i lẹ́sẹ̀. Tó bá di ìdájí ọjọ́ kejì, ìgbálẹ̀ ti ń dúró dè é. Àmọ́ ìyá àgbà kan wà lọ́jà wa tó ní òun àti ọkọ òun ṣe hónímúùnù, ìjọba Gánà ló sì bá àwọn ṣètò rẹ̀. Ọdún 1969 ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìgbà bàbá wọn, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ṣakí, kó ẹrù sórí lọ́rì, wọ́n sì forí lé ọ̀nà Aflao, Lomé àti Cotonou. "Orí ẹrù la sùn, orí ẹrù la jí," ni màmá wí, "ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọkọ mi ń han-nrun." Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó tún padà sí Accra, ó tún tẹ́ ọjà. Ó ní ìsinmi ti parí.

Tiwa rọrùn ju tiwọn lọ, ṣùgbọ́n àwa náà jìyà físà. Ẹ̀rí tí àwọn ará Áyálándì ń fẹ́ jù lọ ni pé a máa padà. Ó ṣe mí bíi kí n kọ ọ́ sí wọn pé ẹni tó ní ìsọ̀ ní Makola kò lè sá lọ: tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹlòmíràn ti jókòó síbẹ̀, ó ti ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣàwàdà. Wọ́n ṣáà fún wa. Kò sí ọkọ̀ tó lọ tààrà, a gba Amsterdam kọjá.

Ohun tó kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu ni pé ilẹ̀ kò ṣú. Oṣù kẹfà la lọ. Ní Accra, kí aago méje alẹ́ tó lù, òkùnkùn ti bolẹ̀, kálukú ti mọ ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ní Killarney, aago mẹ́wàá alẹ́ ń lọ lù, a ṣì lè ríran ka ìwé níta. Ẹ bá mi rò ó: tọkọtìyàwó tuntun, ilé àlejò kékeré kan, ìyá onílé jókòó tì wá ní pálọ̀, ojúmọ́ sì ń wò wá láti ojú fèrèsé. Ẹnu wo lẹ fẹ́ fi sọ pé oorun ń kùn yín? A mu tíì. Màmá tún gbé tíì mìíràn wá. Ọkọ mi yán, màmá ní bóyá tíì náà kò gbóná tó ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin lọ sínú ọgbà Killarney, èyí tó ti wà láti 1932, tó sì jẹ́ àkọ́kọ́ nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Áyálándì dá sílẹ̀. Adágún wà níbẹ̀, òkè wà, àgbọ̀nrín ń jẹ̀ láìsí ẹni tó ń dẹ pàkúté fún wọn. Ẹni tó ń wa ẹṣin, jarvey ni wọ́n ń pè é, ń sọ ìtàn lọ láìdá ẹnu dúró, ó sì dá mi lójú pé ìdajì rẹ̀ irọ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, a fi mọ́tò yí Ring of Kerry ká. Ọ̀nà náà jẹ́ kìlómítà 179, àwọn àgùntàn ló sì ń pàṣẹ lórí rẹ̀. Wọ́n á dúró sójú títì, wọ́n á máa jẹnu, mọ́tò á sì máa dúró dè wọ́n. Olówó wọn ti fi ọ̀dà pupa tàbí búlúù kùn wọ́n lára kí wọ́n má bàa ṣì wọ́n mú. Ọkọ mi tẹjú mọ́ ọ̀kan, mo rò pé ẹwà ìṣẹ̀dá ló ń wò. Àṣé ó ń ṣírò iye tí wọ́n máa tà á ní Ìlọrin tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan.

Ibi tí gbogbo ènìyàn ní a kò gbọ̀dọ̀ fojú fò ni àpáta Moher ní agbègbè Clare, ògiri òkúta tó dìde láti inú òkun, tí ibi tó ga jù lára rẹ̀ jẹ́ mítà 214. A sanwó, a wọlé, ìkùukùu bò ó. A dúró pẹ̀lú ẹ̀wù òjò lọ́rùn, à ń wo funfun. Àwọn òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní ó lẹ́wà gan-an. Lẹ́yìn tó pẹ́, atẹ́gùn ká ìkùukùu náà kúrò, mo wo ìsàlẹ̀, mo sì fò mọ́ ọkọ mi láìbìkítà ẹni tó ń wò wá. Òun náà dì mí mú. Mo wò ó pé iṣẹ́ tí wọ́n ní kí àpáta náà ṣe nìyẹn; ó tọ́ sí owó tó gbà.

Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún àsè alẹ́ ní ilé olódi Bunratty. Wọ́n ń ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é láyé ọba àtijọ́: ọtí oyin, orin, ọ̀bẹ kan ṣoṣo, kò sí fọ́ọ̀kì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹun. Àwọn àlejò ń fọwọ́ fa ẹran lára egungun, wọ́n ń ya fọ́tò ara wọn, wọ́n ń pariwo pé irú èyí kò ṣẹlẹ̀ sáwọn rí. Èmi àti ọkọ mi wo ara wa. A sanwó físà, a sanwó àsè, a wá jókòó síbẹ̀ láti ṣe ohun tí à ń ṣe nídìí banku lójoojúmọ́. Ọ̀gbẹ́ni tó jókòó tì wá bẹ̀ wá pé ká kọ́ òun bí a ṣe ń ṣe é tí kò fi kán sí wa láyà. Mo kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Oúnjẹ náà dára, àmọ́ ata kò mọ ọ̀nà ìlú náà. Ìgò ata ṣítò tí mo gbé láti Makola ló gba ẹ̀mí wa là.

Ní Blarney, lẹ́bàá Cork, wọ́n ní òkúta kan wà lókè ilé olódi tí wọ́n kọ́ ní 1446. Ẹni tó bá fẹnu kò ó, ahọ́n rẹ̀ á di dídùn. O máa fẹ̀yìn lélẹ̀, wàá di irin mú, ẹnì kan á sì dì ọ́ mú kí o má bàa já bọ́. Ọkọ mi ti ń bọ́ fìlà. Mo fà á lẹ́wù. Ọmọkùnrin tó fi ọ̀rọ̀ ẹnu gba ọmọ lọ́wọ́ bàbá mi, tí owó orí kò tíì pé títí di òní, kí ló tún ń wá lọ́wọ́ òkúta? Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ń wọ́n lẹ́nu rẹ̀, kó wá ná aṣọ ní Makola láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi ní ká gun òkè Croagh Patrick, mítà 764. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù keje lọ́dọọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń gun òkè náà lọ gbàdúrà, àwọn mìíràn láìwọ bàtà, nítorí Patrick, ẹni mímọ́ tí ìjọ Àgùdà fi ṣe alábòójútó Áyálándì, tí wọ́n sì tún fi ṣe alábòójútó Nàìjíríà wa. Mo sọ fún ọkọ mi pé orí òkè àdúrà kò ṣàjèjì sí mi, ìyá mi ti mú èmi náà gùn ún tó. Ẹni tó bá wá hónímúùnù kì í gba ààwẹ̀.

Ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni Kylemore ní Connemara, ilé ńlá tó dúró sí etí adágún, òkè lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin ọlọ́rọ̀ kan, Mitchell Henry, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1867 fún Margaret ìyàwó rẹ̀. Margaret kú ní 1874, ọkọ rẹ̀ sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan sítòsí láti fi ṣèrántí rẹ̀. Láti 1920, ọwọ́ àwọn sísítà Benedict ni ilé náà wà: ilé tí ọkọ kọ́ fún ìyàwó, àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní lọ́kọ ló ń tọ́jú rẹ̀. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèlérí. Mo ní kó rọra, kó kọ́kọ́ parí ilé yàrá mẹ́ta tó ń kọ́ ní Kasoa.

A tún kọjá ní Lisdoonvarna, ìlú kékeré tí wọ́n ti ń ṣọdún alárinà ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí àgbẹ̀ bá ti kórè tán. Alárinà tó lókìkí jù níbẹ̀, Willie Daly, ní ìwé ògbólógbòó kan tí àwọn àpọ́n máa ń fi ọwọ́ méjèèjì kàn, tí wọ́n á dijú, kí wọ́n lè rí ẹni fẹ́. Mo mọrírì àwọn ará ibẹ̀. Àwọn náà mọ̀ pé ìgbéyàwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni méjì nìkan. Àmọ́ wọ́n mọ ìdajì kejì tí àwa ń gbàgbé: tí ojú bá mojú tán, alárinà á yẹ̀bá.

Yíyẹ̀bá yìí ni a lọ rà lókè òkun. Ní gbogbo ìgbà tí a fi wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo ti sè oúnjẹ, kò sẹ́ni tó pe ọkọ mi pé kó wá bá àwọn gbé nǹkan. Ọkọ mi, tí kì í sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ ní Accra, sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ fún mi títí iná fi kú nínú ààrò. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìdáwà náà já. A ń ra búrẹ́dì nínú ìlú kékeré kan, mo gbọ́ ohùn obìnrin lẹ́yìn mi: "Ẹ kú àárọ̀ o, ìyàwó. Ara yín le?" Yorùbá wà níbẹ̀! Kí a tó sanwó búrẹ́dì, ó ti mọ ìdílé wa, ó ti béèrè ìgbà tí a ṣègbéyàwó, ó sì ti wo ikùn mi. Kò yẹ kó yà mí lẹ́nu. Ní 2007, Rotimi Adebari, ọmọ Yorùbá láti ìpínlẹ̀ Ògùn, di olórí ìlú Portlaoise, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Áyálándì.

Nígbà tí a padà, mo jẹ́wọ́ fún ìyá alátà pé oko wà nílé lóòótọ́. Ọgbà Aburi ti wà lórí òkè láti 1890, kò jìnnà sí Accra rárá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì tutù. Ní Kakum, lọ́nà Cape Coast, afárá oníokùn kan wà lókè igi láti 1995. Ẹ gbé ìyàwó yín débẹ̀, ẹ máa rí bó ṣe máa dì mọ́ yín, ẹ ò nílò àpáta Moher. Ní Ìkógòsì Èkìtì, omi gbígbóná àti omi tútù pàdé. Àmọ́ mo máa kì yín nílọ̀ níbẹ̀: ìtàn ìlú náà ní ìyàwó méjì ọkọ kan náà ló jà tí wọ́n fi di omi méjèèjì. Tí ọkọ yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pẹ́ jù, ẹ fà á kúrò.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìgbéyàwó, ẹ má yáwó lọ wo àgùntàn. Tí ẹnì kan bá fi tíkẹ́ẹ̀tì ta yín lọ́rẹ, ẹ lọ, ẹ gbé ṣítò dání. Tí kò bá sí, ẹ wọ trotro lọ sí Aburi, kí ẹ sì pa fóònù. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ìyá ìyàwó, ẹ̀yin ìyá ọjà Makola, mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ fi tọkọtìyàwó sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Ọmọ-ọmọ tí ẹ ń béèrè yẹn, kì í tètè wá sílé tí èrò bá ti pọ̀ jù.