Ẹ Kú Ìnáwó o, Ọ̀gbẹ́ni Káàdì

Ẹ̀yin Káàdì ATM mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìnáwó o. Ọlọ́run á fi ire dí i. Ṣé àlàáfíà lẹ wà nínú pọ́ọ̀sì? Ẹ kú iṣẹ́ òru náà, torí mo ti rí i pé òru lẹ fẹ́ràn. Nígbà tí gbogbo ilé wa ní Ìbàdàn bá ti sùn fọnfọn ni fóònù á dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí: alẹ́ẹ̀tì! Ẹ ti tún ta ẹnìkan lọ́rẹ. Màá la ojú kan wo orúkọ onítọ̀hún, mi ò ní mọ̀ ọ́n rí, màá yí ẹ̀gbẹ́ kejì sùn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo wọn.

Kì í ṣe pé mo wá bá yín jà o. Gbogbo ará ìlú tó ń ka lẹ́tà yìí lè jẹ́rìí mi pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mo ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ ìyàwó mi ti gba sitétímẹ́ǹtì ní báńkì, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sì mú bírò pupa. "Ta nìyí?" "Ta tún nìyí?" Bó ṣe ń bèèrè ni mo ń wo pọ́ọ̀sì níbi tí ẹ sùn sí.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi dẹ́kódà bẹ̀rẹ̀, òun ni àgbà wọn. Pákéèjì ńlá lẹ ń san fún un. Ìkànnì tó ń sọ̀rọ̀ aṣọ wà níbẹ̀, ìkànnì ilé dídáná wà níbẹ̀, ìkànnì tí àwọn ẹranko ti ń pa ara wọn jẹ láti àárọ̀ dalẹ́ náà wà níbẹ̀. Ohun tí à ń wò kò ju fíìmù Yorùbá, ìròyìn, bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé, àti eré ọmọdé kan tí àwọn ọmọ ti há sórí láti òkè délẹ̀. Èyí tó tún wá burú ni pé dẹ́kódà kò mọ̀ bóyá iná wà. Mítà tó wà lára ògiri, tí gbogbo wa jọ ń bú, ó ṣì ní àánú lójú: bí iná bá lọ, òun náà á dákẹ́. Ti dẹ́kódà kọ́. Ọjọ́ ló ń kà ní tiẹ̀. Iná wà o, iná ò sí o, epo wọ́n o, jẹnẹrétọ̀ kọṣẹ́ o, oṣù ń lọ. A ó jókòó sínú òkùnkùn, a ó máa gbọ́ ariwo góòlù láti ilé kejì, góòlù tí a ti sanwó ẹ̀. Ẹ̀yin ò bèèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iná wà lọ́dọ̀ yín lóṣù yìí?" Ẹ kàn sanwó, ẹ tún sùn padà.

Ti àwọn olówó dọ́là ló dùn mí jù. Ní 2022, àwọn báńkì wa ń há a mọ́ ẹ̀yin káàdì náírà lọ́wọ́ lórí ohun tí ẹ lè rà lókè òkun. Ó di dọ́là 20 lóṣù lọ́dọ̀ àwọn kan, nígbà tó yá wọ́n kúkú tì í pa. Ara gbogbo wa balẹ̀ nígbà náà. Àfi bó ṣe di 2025 tí àwọn báńkì kan tún ṣílẹ̀kùn, kí ilẹ̀ ó tó mọ́, ẹ ti wá gbogbo ọ̀rẹ́ yín àtijọ́ rí: onífíìmù, olórin, àti ẹni tó ń bá wa tọ́jú fọ́tò. Dọ́là tí kò tó ₦500 lọ́jà ìjọba kó tó di June 2023 ti fò kọjá ₦1,500 nígbà náà. Ojú yín ò tilẹ̀ ṣẹ́. Ẹ ní kò burú.

Mo lọ wo fọ́tò tí à ń san dọ́là lé lórí. Òdòdó ni. Òdòdó "Ẹ káàárọ̀", òdòdó "Ọjọ́ Àìkú aláyọ̀", tí àwọn ẹbí ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí fóònù ń kó pamọ́ níkọ̀ọ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ẹ̀yin lẹ sì ń di ìlẹ̀kùn mú fún ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ má sì sọ fún mi pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ tó kọ́kọ́ gba nọ́ńbà yín sílẹ̀, irú ọ̀fẹ́ wo nìyẹn?

Ti jíìmù, mi ò ní sọ púpọ̀. Nínú ilé wa, ẹ̀yin nìkan lẹ ń lọ síbẹ̀ déédéé.

Dátà, mo fi í sílẹ̀ fún yín. Láti January 2025 tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀, ti gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, ó wọ́n, àmọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ilé ìwé, èmi náà ní iṣẹ́. Àwọn tó ń jẹ kírẹ́dítì tí ẹ rà sórí fóònù ni mi ò gbà fún. Ìyá mi ló pè láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti di olórin ni?" Ó ní kí n tó gbé e, ẹnìkan máa ń kọrin sí òun létí. Owó orin yẹn ń lọ díẹ̀díẹ̀, wọn ò bèèrè lọ́wọ́ mi. Nọ́ńbà 305 ni NCC yà sọ́tọ̀ fún dídá irú wọn dúró, mo sì ti lò ó. Ìyá mi ní òun ti ń fẹ́ràn orin náà.

Ẹ̀gbọ́n yín kan wà, káàdì ni wọ́n ń pe òun náà. Ti alájọ ni. Páálí lásán ni, àpótí kéékèèké ló kún ara rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni alájọ ń dé ìsọ̀ ìyá mi, tí á gba owó, tí á fàlà sí àpótí kan lójú ìyá mi. Bí oṣù bá parí, alájọ á mú owó ọjọ́ kan ṣoṣo fún wàhálà rẹ̀, á kó ìyókù fún olówó. Ẹ̀gbọ́n yín ò ní PIN, kò ní ṣíìpù, kò sì ṣe oore òru rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dé nìyí. Pákéèjì dẹ́kódà ti di kékeré, láti May tí Premier League bá parí títí di August, a ò sì ní san kọ́bọ̀. Onífíìmù àti olórin á máa gba oṣù fún ara wọn, ẹnìkan ń wọlé, ẹnìkan ń jáde. Ìyàwó mi ti pa òdòdó rẹ́, àyè ọ̀fẹ́ ti tó fọ́tò àwọn ọmọ. Òun náà ni yóò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi owó ránṣẹ́, yóò sì kùn dáadáa kó tó tẹ PIN. Kíkùn yẹn gan-an ni ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo ti wọ inú áàpù báńkì, mo ti ti ojú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ yín. POS àti ẹnu ẹ̀rọ ATM ló kù fún yín. Àwọn ọ̀rẹ́ yín ti ń kọ ímeèlì pé àwọn ò rí yín, ṣé kò sí nǹkan. Mo ní ẹ rìnrìn àjò.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí yín lára.